Ìlànà Àyálò, Aago Tí Kò Dún

Ajé, 3 Máàṣì 2008

Aago mọ́kànlá kù díẹ̀ ni Aunty Edith pè mí. Wọn ò tiẹ̀ kí mi. "Adéníkẹ́, máa bọ̀ níbí báyìí. Yàrá tútù mi ti gbóná, aago tẹ́ ẹ ṣe fún mi ò sì dún." Láti ọ́fíìsì wa ní Kétu dé ilé oògùn wọn ní Ìkòsí, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré nínú oòrùn.

Iná ló lọ ní aago mẹ́jọ. Bàbá Yúnúsà tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ tàn án, dísù tán nínú ẹ̀, ni wọ́n bá gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sílé epo. Ìlà gùn. Kí wọ́n tó dé, yàrá tí wọ́n ń kó insulíìnì àti abẹ́rẹ́ àjẹsára sí ti gbóná dé díígírì mẹ́tàdínlógún. Mẹ́jọ ni ààlà. Tó bá ti kọjá mẹ́jọ, ó yẹ kí kọ̀mpútà, tí bátìrì ẹ̀ kì í jẹ́ kó kú bí iná bá lọ, fọn fèrè ẹnu géètì, kó sì pe fóònù Aunty Edith. Kò ṣe ìkankan. Aunty fúnra wọn ni wọ́n ṣílẹ̀kùn tí ooru lù wọ́n lójú.

Mo pa kọ̀mpútà, mo tún un tàn. Mo ti ojú ìwọ̀n tó ń mọ ooru bọ inú ife omi gbígbóná. Fèrè ké, gbogbo àdúgbò gbọ́. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ké lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ló bá bọ́ lẹ́nu mi: "Aunty, aago ò lẹ́bi. Ó ń ṣiṣẹ́."

Wọ́n yíjú sí Bàbá Yúnúsà. "Ẹ̀yin lẹ yọ wáyà ẹ̀, àbí? Ẹ ti ṣàròyé rí pé ariwo ẹ̀ ń dí yín létí."

"Wàláì, Ìyá, mi ò fọwọ́ kàn án."

"Ó dára. Ẹ máa lọ sílé."

Ọdún mẹ́fà ni Bàbá Yúnúsà ti wà níbẹ̀. Wọ́n ká ẹní ìkírun wọn, wọ́n mú kẹ́tùlù. Lẹ́nu géètì wọ́n dúró, wọ́n wò mí. Kì í ṣe ìbínú. Ó dà bíi pé wọ́n ń retí kí n sọ nǹkan kan. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ìṣẹ́gun, 4 Máàṣì

Ooru yìí ti pọ̀ jù. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 6 Máàṣì

Ojú tí Bàbá Yúnúsà fi wò mí ò kúrò lọ́kàn mi, ni mo bá ṣí láíbìrì mi lónìí, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tí mo kọ fún kọ̀mpútà láti máa fi mọ ìgbà tí yàrá bá gbóná. Ọdún 2006 ni mo ti kọ ọ́, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Òun ni ètò ńlá inú kọ̀mpútà Aunty Edith ń lò láti fi ṣọ́ yàrá. Ètò ńlá ló ń ka ìwé ìlànà: ààlà ìsàlẹ̀ méjì, ààlà òkè mẹ́jọ, nọ́ńbà fóònù tí a ó pè. Á wá fi ìwé yẹn han láíbìrì mi.

Látọjọ́ yìí ni mo ti gbà pé mo da ìwé náà kọ, pé láíbìrì ní tirẹ̀ lọ́wọ́. Irọ́ ni. Àdírẹ́sì ibi tí ìwé wà ni mo tọ́jú. Ìlà kan ṣoṣo. Nígbà tí láíbìrì bá fẹ́ mọ ààlà, ńṣe ló ń lọ yọjú nílé onílé. Bí onílé bá wá kó ìwé náà dànù ńkọ́? Bí ó bá kọ nǹkan mìíràn síbẹ̀ ńkọ́? Láíbìrì mi á ṣì máa lọ yọjú, ohunkóhun tó bá sì rí níbẹ̀ ló máa gbà gbọ́.

Mo pa ojú kọ̀mpútà dé nígbà tí ọ̀gá kọjá.

Ẹtì, 7 Máàṣì

Mo dán an wò ní ogún ìgbà lórí tábìlì mi. Mo yí nọ́ńbà fóònù padà kí ètò ńlá lè ju ìwé àtijọ́ nù, kó kọ tuntun síbòmíràn. Láíbìrì ṣì ń rí mẹ́jọ níbi àtijọ́. Ẹni tó kó kúrò nílé lè fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lára ògiri, á sì wà níbẹ̀ títí ayálégbé tuntun á fi dé. Ogún ìgbà, fèrè ké ní ogún ìgbà.

Mo láyọ̀. Kí n má purọ́ nínú ìwé ara mi: mo láyọ̀. Mo sọ fún ara mi pé, ó lè jẹ́ Bàbá Yúnúsà náà ló yọ wáyà lóòótọ́. Mo tiẹ̀ gbàdúrà pé kó jẹ́ àwọn ni. Lẹ́yìn náà ni ojú àdúrà yẹn tì mí.

Ajé, 10 Máàṣì

Mo lọ sọ́dọ̀ Aunty Edith pé mo fẹ́ da àkọsílẹ̀ ìwọ̀n kọ wá sí ọ́fíìsì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ yí padà lórí kọ̀mpútà yìí kẹ́yìn?"

Wọ́n ronú. "Ọjọ́ Falẹntáìnì ni mo gba láìnì tuntun, mo sì fi nọ́ńbà ẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ kejì mo tẹ àkọsílẹ̀ ọjà jáde. Ó pọ̀, ó kún ojú ewé ogójì. Mi ò tún fọwọ́ kan nǹkan kan."

Mo padà sí ọ́fíìsì. Mo yí nọ́ńbà padà. Mo tẹ àkọsílẹ̀ ojú ewé ogójì jáde. Mo wá bi láíbìrì mi léèrè pé mélòó ni ààlà òkè.

Ó ní mílíọ̀nù kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún méje, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ayálégbé tuntun ti dé. Títẹ̀wé ló kó orúkọ oògùn sórí ibi tí mẹ́jọ wà tẹ́lẹ̀, láíbìrì mi sì kà á bí ẹni pé ààlà ni. Yàrá yẹn ì bá jóná di eérú, fèrè ò ní ké. Ìgbà tí mo pa kọ̀mpútà tí mo tún un tàn lọ́jọ́ kẹta oṣù yìí ni ó ka ìwé lákọ̀tun, ìdí nìyẹn tó fi ké lójú gbogbo wa. Ọwọ́ tèmi ló nu ẹ̀rí nù, ẹnu tèmi ló sì lé Bàbá Yúnúsà síta.

Ìṣẹ́gun, 11 Máàṣì

Ì bá sàn kí n má ṣí àkọsílẹ̀ ìwọ̀n yẹn.

Láíbìrì máa ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀ kó tó fi wé ààlà, nítorí náà gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹtì, 15 Fẹ́búárì, ọ̀sán: mẹ́sàn-án. Ìrọ̀lẹ́: mẹ́rìnlá. Àbámẹ́ta: méjìlélógún, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àìkú: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìrọ̀lẹ́ Àìkú ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, márùn-ún, bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Mo rántí òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Iná wà, àmọ́ kò lágbára, gílóòbù ń pọ́n bí ojú ọ̀mùtí, fíríìjì ilé wa pàápàá ò lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá wo gílóòbù á ní iná wà, kò ní tan jẹnẹrétọ̀. Aunty Edith lọ sìnkú ní Ìjẹ̀bú. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Iṣẹ́ aago mi ni láti mọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn gan-an làwọn ilé ìwòsàn wá gbé abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́rú, 20 Fẹ́búárì, mo gbé Ìníolúwa ọmọ mi lọ gba abẹ́rẹ́ èéyi ẹ̀, ó pé oṣù mẹ́sàn-án. Ilé ìwòsàn yẹn jìnnà sílé wa. Ibẹ̀ ni mo yàn torí pé ọ̀dọ̀ Aunty Edith ni wọ́n ti ń ra oògùn, mo sì mọ̀ pé láíbìrì mi ló ń ṣọ́ ọ.

Ọjọ́rú, 12 Máàṣì

Mo sọ fún Ọ̀gá Bartholomew. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi nìkan, sà."

"Kó dúró síbẹ̀. Tún un ṣe, gbé e lọ bíi pé ẹ̀dà tuntun ló jáde. Bàbá yẹn ti lọ, ọ̀rọ̀ ti tán."

"Sà, wọ́n ti gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ yẹn."

"Ṣé dókítà ni ẹ́ ni? Ta ló sọ fún ẹ pé ó ti bàjẹ́?" Wọ́n ń tẹ bírò tà-tà-tà. "Adéníkẹ́, èèyàn mọ́kànlá ló ń jẹun nílé iṣẹ́ yìí. Láíbìrì yìí kan náà ló wà níbi tí wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ sí ní ilé ìwòsàn Ọ̀jọ́ta, ó wà ní yàrá ẹja ní Owódé. O fẹ́ kí n lọ sọ fún gbogbo wọn pé aago wa fọ́jú?"

Mo ti rò pé ìkà ni wọ́n. Ìgbà tí bírò yẹn bọ́ lọ́wọ́ wọn ni mo rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n ju èmi lọ.

Ọjọ́bọ̀, 13 Máàṣì

Mo bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Láíbìrì á da ìwé ìlànà kọ, ẹ̀dà á jẹ́ tirẹ̀, tó bá sì parí iṣẹ́ á ju tirẹ̀ nù. Mo ṣì í kọ: ìwé ètò ńlá tó jẹ́ onílé ni mo jù nù. Onílé padà dé, kò bá ìwé ẹ̀, gbogbo ètò kú lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kan gbáko lọ sórí ẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní Kétu, ìṣẹ́jú márùn-ún péré.

Àbámẹ́ta, 15 Máàṣì

Ara Ìníolúwa gbóná. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí. Ojú ẹ̀ pọ́n, imú ń dà. Ní kọ́mpáùndì kejì, ọmọ Ìyá Àjàrátù ti ní èéyi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Débọ́lá ọkọ mi. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi aṣọ tútù nu ọmọ lára, kò wò mí. Nígbà tó yá ó ní, "Ọmọ mélòó ló gbà nínú ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Ta ló máa mọ̀?"

"Aunty Edith. Wọ́n ní orúkọ ilé ìwòsàn tó gbé e."

Mo ń wo ikùn ọmọ, mo ń wá èéyi lára ẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Ajé, 17 Máàṣì

Ibà lásán ni, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀. Ooru ara ẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Mo sunkún ní kọ́rídọ̀. Obìnrin kan tó jókòó síbẹ̀ rò pé ọmọ mi ló kú, ó ń bá mi kẹ́dùn.

Bí tèmi ò bá ní in, tẹlòmíràn lè ní in. Mo sọ fún Débọ́lá pé mò ń lọ sí Ìkòsí. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé láílọ́ọ̀nù kan jáde: ìró kan, búrọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ. "Tí wọ́n bá tì ẹ́ mọ́lé," ló wí. Kò ṣe àwàdà. Mo gbà á.

Aunty Edith ń ka káátọ̀nù lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, kì í ṣe ìkíni nìkan ni mo fi ṣe. Mo ní, "Aunty, Bàbá Yúnúsà ò yọ wáyà. Èmi ni."

"Ìwọ lo yọ wáyà?"

"Rárá mà. Ààlà tó yẹ kó wà lọ́wọ́ láíbìrì mi, yíyá ló ń yá a wò lọ́wọ́ ètò ńlá. Nígbà tẹ́ ẹ yí nọ́ńbà padà, ètò ńlá ju èyí tí mo yá nù. Láíbìrì ò mọ̀. Orúkọ oògùn tẹ́ ẹ tẹ̀ jáde ti gba ibẹ̀, òun ló ń kà sí ààlà."

Wọ́n jókòó sórí káátọ̀nù. "Màmá mi máa ń sọ pé ẹ̀wù àyálò kì í yẹni. Bí kò bá fún ni lápá, á so ni lọ́rùn." Wọ́n nu ojú wọn. "Ọrùn Yúnúsà ló so. Dìde."

Mi ò dìde. Mo yọ àkọsílẹ̀ òpin ọ̀sẹ̀ yẹn fún wọn. Mo ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń ka nọ́ńbà lọ sílẹ̀, ètè wọn ń mì. Nígbà tí wọ́n dé mọ́kànlélọ́gbọ̀n wọ́n pariwo, "Jésù!"

Mo ń retí kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ oníbàárà sí ni wọ́n nawọ́ mú. "Ó lè máà bàjẹ́," ni wọ́n wí. "Oògùn míì máa ń lágbára ju bá a ṣe rò lọ. Àmọ́ mi ò ní ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ. Kà á sí mi létí, kí n máa tẹ̀ ẹ́." Ilé ìwòsàn mẹ́ta. Mo ń ka nọ́ńbà fóònù, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọ mọ́kànlélógójì ló ti gbà á, Ìníolúwa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Láílọ́ọ̀nù ìró mi wà lọ́wọ́ mi títí mo fi délé.

Ìṣẹ́gun, 18 Máàṣì

Ọ̀gá Bartholomew ti gbọ́. Wọ́n ò bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí akọ̀wé sọ fún mi pé kí n parí àtúnṣe, kí n sì lọ jókòó sílé.

Ọjọ́rú, 19 Máàṣì

Ẹ̀rù kejì. Mo gbé ẹ̀dà tuntun lọ sílé oògùn. Mo fi nọ́ńbà àtijọ́ bẹ̀rẹ̀, mo yí i sí tuntun, mo tẹ àkọsílẹ̀ jáde, mo ti ojú ìwọ̀n bọ omi gbígbóná. Fèrè ké! Mo fẹ́ dúpẹ́. Aunty Edith gbé fóònù tuntun wọn sókè: "Kò pè mí."

Fóònù àtijọ́ ló ń dún nínú dúrọ́ọ̀.

Mo lóye ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀dà tó jẹ́ tèmi ò lè bàjẹ́ mọ́, àmọ́ ó lè di àtijọ́. Ètò ńlá ti kọ ìlànà tuntun, ẹ̀dà mi ò gbọ́. Ká ní mi ò dán fóònù wò ni, ǹ bá ti lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú, kí aago máa pe fóònù tí kò sẹ́ni tó máa gbé e.

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tún un ṣe, lórí tábìlì wọn. Òfin tí mo kọ rèé: ohun tí láíbìrì ń lò, tirẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó lè yọ wọ ibẹ̀, láíbìrì náà ò sì gbọ́dọ̀ yọjú nílé ẹnikẹ́ni. Bí ìlànà bá yí padà, ètò ńlá gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn, kó fa tuntun lé e lọ́wọ́. Láíbìrì á da tuntun kọ tán, á yẹ̀ ẹ́ wò pé ààlà rẹ̀ bọ́gbọ́n mu, kó tó ju ẹ̀dà àtijọ́ ara ẹ̀ nù. Bí kò bá bọ́gbọ́n mu, kó fọn fèrè. Kó má dákẹ́ láéláé.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, fóònù tuntun dún. Aunty ní, "Tún un ṣe." Ìgbà ogójì la ṣe é.

Ọjọ́bọ̀, 20 Máàṣì

Mo wá Bàbá Yúnúsà lọ sí Mile 12. Ìyàwó wọn ló júwe: níbi tí àwọn tírélà òkè ọya ti ń já tòmátì. Ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀ mi. Mo bá wọn lórí ìjókòó pákó, wọ́n ń ṣa èyí tó rà kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, ọwọ́ wọn pupa dé ìgúnpá. Ọkùnrin bíi mẹ́jọ ló yí wọn ká.

Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Bàbá, ẹ̀bi mi ni. Iṣẹ́ tí mo kọ sínú kọ̀mpútà ló ṣì mí lọ́wọ́."

"Mi ò mọ kọ̀mpútà," ni wọ́n dáhùn. "Ṣé mo yọ wáyà?"

"Ẹ ò yọ ọ́, sà."

"Sọ ọ́ kó le. Àwọn wọ̀nyí ti gbọ́ pé wọ́n lé mi torí mo ṣe iṣẹ́ ibi."

Mo gbé ohùn sókè títí àwọn ará ìdí àlùbọ́sà fi yíjú: Bàbá Yúnúsà ò yọ wáyà, èmi Adéníkẹ́ ni mo ṣàṣìṣe. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Yúnúsà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Lọ́jọ́ yẹn, mo dúró dè ẹ́ lẹ́nu géètì."

"Mo mọ̀, sà."

"O dákẹ́."

"Mo dákẹ́, sà."

Wọ́n mú tòmátì míì, wọ́n yí i wò, wọ́n jù ú nù. "Sọ fún Edith pé kó wá pè mí fúnra ẹ̀."

Ìṣẹ́gun, 25 Máàṣì

Aunty Edith lọ fúnra wọn lánàá, lọ́jọ́ Ajé Ọdún Àjíǹde, wọ́n fi ọkọ̀ gbé Bàbá Yúnúsà padà. Débọ́lá ló sọ fún mi. Ó kọjá níbẹ̀, ó ní Bàbá náà ló ń da dísù sínú jẹnẹrétọ̀.

Ọ̀gá Bartholomew náà pè mí. Wọ́n ti gbé àtúnṣe lọ sí Ọ̀jọ́ta àti Owódé fúnra wọn. Ní Ọ̀jọ́ta, wọ́n bi láíbìrì àtijọ́ léèrè ààlà kí wọ́n tó yọ ọ́. "Òdo ló wí," ni wọ́n sọ. "Ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ sí, Adéníkẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ti pa fèrè náà láti oṣù tó kọjá torí pé kò yéé ké." Wọn ò ní kí n padà síbi iṣẹ́. Mi ò bi wọ́n.

Àbámẹ́ta, 29 Máàṣì

Abẹ́rẹ́ àtúngbà. Àwọn ilé ìwòsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ẹnu kò sí ibì kan, Aunty Edith gbé oògùn tuntun wá nínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Ọmọ mẹ́tàdínlógójì ló wá. Wọn ò rí mẹ́ta, ìdílé wọn ti kó lọ. Ọ̀kan ti ní èéyi, ó wà ní ilé ìwòsàn láti ọjọ́ Ajé. Wọn ò jẹ́ kí n mọ orúkọ ẹ̀. Ó ń mí dáadáa, ìyẹn nìkan ni Aunty lè sọ fún mi.

Mo ń bá wọn to bẹ́ǹṣì. Ìníolúwa ti gba tirẹ̀, ó ti ké, ó ti sùn sẹ́yìn mi. Obìnrin kan tó gbé ọmọkùnrin kan tó sanra lọ́wọ́ bi mí pé, "Ṣé nọ́ọ̀sì lẹ̀yin náà?"

Ì bá rọrùn kí n ní mo wá ṣèrànwọ́ ni. Mo ní, "Rárá o. Èmi ni mo kọ ohun tó yẹ kó fọn fèrè nígbà tí yàrá oògùn gbóná. Kò fọn ọ́n. Àṣìṣe mi ni."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn ìyá méjì tó tẹ̀ lé e yíjú sí wa.

"Ṣé ẹ ti tún un ṣe?"

"Mo ti tún un ṣe."

"Ó dá yín lójú?"

"Mo ti dán an wò ju igba ìgbà lọ. Mo ṣì ń lọ dán an wò láràárọ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí."

Nọ́ọ̀sì ti pe orúkọ ọmọ ẹ̀. Obìnrin náà jókòó, ó gbé ọmọ sórí itan, ó bọ́ ṣòkòtò ẹ̀. Ọmọ ti rí abẹ́rẹ́, ó ń ta ẹsẹ̀, ìyá ò lè dá a mú. Ó gbójú sókè sí mi.

"Ẹ di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú fún mi."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo dì í mú.